Crosman 2240 ní ẹ̀yìnkùlé: bí ariwo rẹ̀ ṣe ń dínkù tí gáàsì rẹ̀ sì ń pẹ́

Crosman 2240 jẹ́ ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ tó tọ́ sí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jáde nínú páálí kọ́ ló yẹ kí a máa yìn ín ní ẹ̀yìnkùlé. Irin pọ̀ lára rẹ̀, ó ń bá ibi tí a fojú sùn, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ariwo rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Yóò dún gbòlà, ajá ilé kejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ọta rẹ̀ ń ṣe kò ju kí ó lu páálí ní mítà 10 lọ. Nígbà tí a bá sì yìn ín tó nǹkan bí ìgbà 40, agolo gáàsì ti ń tán lọ. Ariwo yẹn àti gáàsì tí kì í pẹ́, orísun kan náà ni wọ́n ti wá, àtúnṣe kan náà ló sì ń tán àwọn méjèèjì.

Ilé-iṣẹ́ Crosman ti Amẹ́ríkà ló ni orúkọ yìí. Ọta 5.5 mílímítà, èyí tí wọ́n ń kọ ní .22, ni 2240 ń yìn, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ óò fa bóòtù (irin tó ń ti ọta wọlé) sẹ́yìn, ẹ óò fi ọta sí ojú ihò, ẹ óò tì í padà. Agolo CO2 kékeré oní-giramu 12 ló ń fún un lágbára. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7.25, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18. Ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí ni pé eré ọta rẹ̀ lè dé ẹsẹ̀ bàtà 460 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fps ni a óò máa kọ fún ìwọ̀n yìí láti ibí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí yóò kàn máa ra nǹkan kiri ni. Nínú agolo, omi ni CO2 wà, gáàsì sì wà lórí omi náà. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì kù, bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó ló ń pinnu bí gáàsì ṣe ń tì tó: ní 21°C, ó tó nǹkan bí psi 850 (psi ni ìwọ̀n ipá gáàsì). Bí a bá fa tírígà, hámà (irin tí sípíríǹgì ń ta síwájú) yóò fò lu igi fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń sé gáàsì mọ́), fáàfù yóò ṣí fún ìgbà bíńtín, gáàsì yóò gba ihò kékeré kan gòkè bọ́ sí ẹ̀yìn ọta. Nínú ọ̀pá tó gùn, gáàsì ráyè fẹ̀. Ipá rẹ̀ ń rọ̀ bí ọta ṣe ń lọ, ìgbà tí ọta yóò bá fi jáde, èyí tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò le mọ́. Ọ̀pá 2240 kúrú. Ọta ti jáde nígbà tí gáàsì ṣì ń tì gidigidi, èyí tó kù yóò sì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbújáde yẹn ni etí ń gbọ́. Sípíríǹgì hámà tó bá ìbọn wá tún dákún un: wọ́n ṣe é le kí fáàfù lè ṣí láìkùnà nínú ooru, kí eré ọta sì dé ohun tí wọ́n kọ sí páálí, nítorí náà fáàfù ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn tí ọta ti lọ, bí ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn lẹ́yìn tí kọ́rọ́bà ti kún. Gáàsì tí kò ti ọta ni ariwo. Ẹni tó bá dín in kù ti dín owó agolo kù pẹ̀lú.

Eré ọta yìí kò sún mọ́ eré ohùn, tó jẹ́ nǹkan bí fps 1,125, nítorí náà kò sí ìró pàá tí ọta ìbọn gidi máa ń ṣe nínú afẹ́fẹ́. Ariwo mẹ́ta péré ló kù fún wa: ti ẹnu ìbọn, ti hámà tó ń lu irin, àti ti ibi tí ọta bá bà sí.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrù kankan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé, àpótí irin tí ọta ń bà ló ń dí aládùúgbò lọ́wọ́, kì í ṣe ìbọn. Irin ń ró, òjé sì máa ń fọ́ síta lára rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń yìn. Ohun tó dára jù tí a mọ̀ ni duct seal, ohun rírọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń dí ẹnu páìpù wáyà, tí kì í gbẹ. Ẹ kan àpótí pákó tí ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú àti ní òòró, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pákó plywood oní-mílímítà 18, kí ẹ wá tẹ duct seal sínú rẹ̀ títí yóò fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Kílò 3 sí 4 yóò tó. Ọta 2240 yóò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìró kékeré kan, pọ̀, kò sì ní fò padà. Bí ọta bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ jáde, nítorí ọta tó bá ba ọta mìíràn lè ta padà. Ẹ má ṣe gbé àpótí yìí kọ́ sórí ọgbà onírin tàbí ògiri tó ṣófo nínú, ìyẹn yóò sọ ọ́ di ìlù. Orí ilẹ̀ tàbí orí búlọ́ọ̀kù ni kó jókòó lé.

Àwọn kan máa ń fi àpótí tí wọ́n kó àkísà sí ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ bí àkísà bá kún dáadáa tí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ọta máa ń bà, ihò á là síbẹ̀ láìpẹ́. Duct seal wọ́n ju àkísà lọ, owó rẹ̀ kì í sì ṣòfò.

Ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn èyí ni túùbù tí a ń dè mọ́ ẹnu ìbọn láti pa ìró rẹ̀. A kò dábàá rẹ̀ fún ìbọn yìí, a kò sì ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, bí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá ṣe é dè mọ́ ìbọn gidi kí ó sì dín ìró rẹ̀ kù, òfin ìjọba àpapọ̀ lè kà á sí sílẹ́ńsà, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò gbàṣẹ. Kò tilẹ̀ pọn dandan. Ẹni tó bá tún bí gáàsì ṣe ń jáde ṣe kò ní wá ohun tí yóò fi bo ẹnu ìbọn mọ́.

Ọta ni àtúnṣe tó rọrùn jù. Ọta tó fúyẹ́ máa ń sáré jáde nígbà tí gáàsì ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì le, ìró rẹ̀ a sì pọ̀. Ọta tó wúwo díẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ọ̀pá, ó ń jẹ́ kí gáàsì ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí ó tó jáde. RWS Hobby oní-grain 11.9 (grain ni ìwọ̀n ìwúwo ọta) yóò fi eré tó pọ̀ hàn lórí ẹ̀rọ ìwọn-eré, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ mú ju ti Crosman Premier oní-grain 14.3 tàbí JSB Exact Jumbo oní-grain 15.89 lọ. Fún páálí ní mítà 10, RWS Meisterkugeln oní-grain 14 tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ la fẹ́ràn jù: ihò tó ń gé sí páálí mọ́ roboto, ó sì wúwo tó. Ẹ ra agolo ọta irú méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ yin ọta 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí tábìlì, kí ẹ mú èyí tí ihò rẹ̀ bá ṣùjọ jù. Kò sí irú ọta tó dára fún gbogbo ọ̀pá.

Ó kan sípíríǹgì hámà, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ kò lè ṣe é láìní ẹ̀rọ ìwọn-eré ọta. Ẹni tó bá ń fi etí nìkan ṣe é yóò rò pé òun ti ṣe é tán nígbà tí ọta rẹ̀ ti ń rọ̀ jọwọlọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé áàpù fóònù tó ń wọn ariwo: ìró ìbọn kúrú jù fún gbohùngbohùn fóònù, nọ́ńbà tó bá gbé jáde kò ní ìtumọ̀. Ẹ̀rọ ìwọn-eré, iye ọta tí agolo kan yìn, àti ènìyàn kan tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, lẹ́yìn ẹni tó ń yìn, kó fi etí gbọ́, àwọn mẹ́ta yìí ló ń sọ òótọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìbọn bí ó ṣe wà. Ẹ fi agolo tuntun sí i, kí ẹ kán epo Pellgunoil ẹ̀kán kan sí orí agolo kí ẹ tó dè é, nítorí epo yẹn ni gáàsì máa ń gbé lọ bá àwọn rọ́bà fáàfù. Ẹ yìn ín, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 sílẹ̀ láàárín ọta kan sí èkejì. Bí ẹ bá ń yìn ín léraléra, CO2 tó ń di gáàsì ń fa ooru kúrò lára irin, ìbọn á tutù, eré á já wálẹ̀, ẹ óò sì rò pé sípíríǹgì ló fà á. Ẹ kọ eré gbogbo ọta sílẹ̀ títí tí yóò fi ṣubú lójijì. Ibi tó ti ṣubú yẹn ni omi CO2 ti tán. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ọta lè há sínú ọ̀pá. Bí ó bá há, ẹ má ṣe fi ọta mìíràn tì í o. Ẹ yin gáàsì tó kù tán sínú àpótí, ẹ yọ agolo, kí ẹ wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tì í padà láti ẹnu.

Ẹ pín giramu 12 sí iye ọta tí ẹ rí. Ọta 40 túmọ̀ sí giramu 0.3 fún ọta kan. Ọta 60 yóò jẹ́ 0.2. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ máa tẹ̀lé, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ariwo pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ óò rà ni sípíríǹgì hámà tó rọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, tàbí ìdérí ẹ̀yìn onísúkúrù tí ẹ lè fi fún sípíríǹgì tàbí kí ẹ fi tú u. A fara mọ́ onísúkúrù jù, ó ń jẹ́ kí ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀ láìtú ìbọn nígbà gbogbo. Ẹ má gé sípíríǹgì tó bá ìbọn wá. Sípíríǹgì tí a gé kúrú máa ń gan sí i bó ṣe ń fún pọ̀, orí rẹ̀ tí a gé sì máa ń họ inú túùbù. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ óò nílò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ dá ìbọn padà sí bó ṣe wà.

Kí ẹ tó tú u: kò gbọdọ̀ sí ọta nínú rẹ̀, agolo gbọdọ̀ ti jáde, kí ẹ fa tírígà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ẹnu ìbọn sínú àpótí kí ẹ lè mọ̀ dájú pé gáàsì kankan kò kù nínú fáàfù. Ẹ wọ awò ojú. Ẹ fi àkísà àti àtàǹpàkò bo ìdérí ẹ̀yìn bí súkúrù rẹ̀ ṣe ń jáde, nítorí sípíríǹgì yóò fò. Bí ẹ bá ti rí hámà, ẹ nù ún mọ́, ẹ fi sáńpépà 1000 lẹ́yìn náà 2000 dán ara rẹ̀ níbi tó ń fi ara họ túùbù, kí ẹ sì fi gíríìsì moly fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Hámà tó ń yọ̀ geere kì í nílò sípíríǹgì tó le, ìró irin rẹ̀ pàápàá ń dínkù. Gíríìsì tó pọ̀ jù máa ń di lílẹ̀ nínú òtútù, ẹ má fi sí i bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì tí ẹ fún dáadáa, kí ẹ máa tú u ní ìdajì ìyípo kan. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, ẹ yin ọta 5, ẹ kọ eré rẹ̀. Ohun tí ẹ óò rí ni pé fún ìyípo mélòó kan àkọ́kọ́, eré fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá, ṣùgbọ́n ìró ń rọ̀. Gbogbo gáàsì tó ń jáde ní agbègbè yẹn, òfò ni. Tó bá yá, eré yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ibẹ̀ ni ojúkò. Ẹ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i kọjá ojúkò yìí títí ọta grain 14.3 yóò fi máa sáré ní fps 380 sí 400, kí ẹ sì dúró. Agbára rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ft·lbf 4.6 sí 5.1 (ft·lbf ni ìwọ̀n agbára ọta), ó sì ju ohun tí páálí ní mítà 10 ń béèrè lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó rọ̀ sí i lè dé 350. Nísàlẹ̀ 300, a kò gbà yín nímọ̀ràn, ọta .22 lè há nínú ọ̀pá bí ọjọ́ bá tutù.

Ẹ wo bí eré ṣe ń lọ láti ọta kìn-ín-ní dé ìgbẹ̀yìn, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúró déédéé tó wá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó dára. Bí ọta àkọ́kọ́ bá lọ́ra, tí eré wá ń gòkè bí agolo ṣe ń lọ, sípíríǹgì ti rọ̀ jù: gáàsì tó le nínú fáàfù ń dènà hámà, kò jẹ́ kó ṣí i dáadáa, àfìgbà tí ipá gáàsì bá rọ̀ tán. Ẹ fún un padà ní ìdajì ìyípo. Bí eré bá ń fò sókè sódò láìsí ìlànà, ẹ má fọwọ́ kan sípíríǹgì mọ́; hámà ló ń họ tàbí gáàsì ń jò níbì kan.

Ojú ọjọ́ kò ṣe é fojú fò. Ní 5°C, CO2 kì í tì ju nǹkan bí psi 575 lọ. Ní 30°C, ó ti lé ní 1,000. Ní 31°C, CO2 kọjá ààlà tí omi àti gáàsì ti ń yàtọ̀ síra, ipá rẹ̀ á sì máa gòkè kíákíá. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Houston kò gbọdọ̀ tún sípíríǹgì rẹ̀ ṣe nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kó wá gbé e síta ní ọ̀sán oṣù kẹjọ. Fáàfù lè má ṣí dáadáa. Irú ọjọ́ tí ẹ óò máa yìn ín jù ni kí ẹ tún un ṣe. Ní London tàbí Chicago nígbà òtútù, ẹ fi ìbọn náà sílẹ̀, tàbí kí ẹ yìn ín nínú ilé-ìtọ́jú-ọkọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Agolo CO2 kò gbọdọ̀ wà nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn: ìkìlọ̀ ilé-iṣẹ́ ni pé kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 48°C, inú ọkọ̀ sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ kíá.

Jíjò gáàsì ni ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ kán an sí ibi mẹ́ta nígbà tí agolo wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń hó níbi ìdérí agolo, ọ́ríǹgì (òrùka rọ́bà) ìdérí ni. Bí ó bá ń hó ní ẹnu ìbọn, rọ́bà igi fáàfù ni, ìdọ̀tí sábà máa ń há sí i. Ẹ̀kán Pellgunoil àti yíyìn díẹ̀ lè tán an, bí kò bá tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń jáde láti abẹ́ ìdìmú, ọ́ríǹgì tó yí ara fáàfù ká ni. Rọ́bà nitrile máa ń mu CO2 ó sì máa ń wú. Bí ọ́ríǹgì ìdérí bá wú lẹ́yìn tí ẹ yọ agolo, ẹ má fi ipá dè é padà, yóò gé. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, yóò sún kì padà fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ ra ti polyurethane tí kì í wú bẹ́ẹ̀.

Jíjò kejì kì í hó, ìgbà tí a bá yìn ín nìkan ló ń ṣẹlẹ̀. Láàárín fáàfù àti ọ̀pá ni rọ́bà kékeré kan wà tí gáàsì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ní orí bóòtù náà sì ni ọ́ríǹgì kan wà. Ẹ gé ègé tíṣù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ilé ọta (ibi tí bóòtù wà, tí a ti ń fi ọta sí) bá túùbù pàdé, kí ẹ yin ọta kan sínú àpótí. Bí tíṣù bá fò, gáàsì ń jáde níbẹ̀, ó sì ń fi ariwo kún ariwo létí ẹni tó ń yìn. Bí ẹ bá ṣí ilé ọta, ẹ ṣọ́ rọ́bà kékeré yẹn dáadáa, ó máa ń bọ́ sílẹ̀ láìdún. Bí èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀ bá ga jù, yóò gbé ilé ọta sókè, ọ̀pá á dojú kọ ilẹ̀. Bí ó bá kúrú jù, yóò jò.

Ike ni ilé ọta tó bá 2240 wá, òun ni a sì kà sí ibi tí ìbọn yìí ti rẹlẹ̀ jù. Ó ń tẹ̀ díẹ̀ bí a bá fún súkúrù rẹ̀ jù, ojú ihò tí a ń fi ọta sí há, kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí a bá fẹ́ gbé awò ìfojúsùn lé e. Ilé ọta onírin ni àtúnṣe tó tọ́ sí owó jù lẹ́yìn sípíríǹgì: ó mú ọ̀pá dúró gbọn-in, ó sì ní ojú ọ̀nà tí ìfojúsùn ń jókòó lé. Nígbà tí ẹ bá ń dè é, ẹ ti ọta kan wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fún súkúrù pátápátá. Ihò abẹ́ ọ̀pá gbọdọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ihò fáàfù, ìyàtọ̀ mílímítà kan péré ti tó láti gé eré ọta.

Bí ẹ bá ti ṣí i dé ibẹ̀, ẹ ronú nípa ọ̀pá. Íǹṣì 10 tàbí 12 ni a yàn. Ọ̀pá tó gùn ń fún gáàsì láàyè láti fẹ̀, eré á gòkè, ìró á rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá tú sípíríǹgì sí i títí eré yóò fi padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni èrè iṣẹ́ yìí ti yọ gedegbe: eré kan náà, gáàsì tó kéré, ìró tó rọlẹ̀. Ó wà ní íǹṣì 14 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn á wúwo jù fún ọwọ́ kan. Kí ẹ tó dè é, ẹ wo ẹnu rẹ̀ lábẹ́ iná: bí irin bá yọ ẹ̀gún níbẹ̀, ọta kì í lọ tààrà.

Tírígà kò kan ariwo, nítorí náà a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó le díẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ẹ dán ojú irin méjì tó ń gbá ara wọn mú pẹ̀lú sáńpépà 2000, ẹ má yí igun wọn padà, ẹ fi sípíríǹgì tó rọ̀ rọ́pò tirẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn náà, láìsí ọta àti láìsí agolo, ẹ kọ́ hámà, kí ẹ fi ìdí òòlù rọ́bà gbá ìdìmú lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí hámà bá já sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbọn náà kò tíì ṣe é yìn.

Ẹ má fi òfin sẹ́yìn. Ní Ìlú Ọba, ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá kọjá ft·lbf 6 ti di ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ọta grain 14.3 tó bá sáré dé fps 435 ti kọjá ààlà yẹn, ọ̀pá gígùn sì lè gbé e débẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀; ẹ tú sípíríǹgì kí ẹ tó de ọ̀pá tuntun, kí ẹ sì wọn eré láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀ṣẹ̀ ni níbẹ̀ kí ọta kọjá ọgbà yín láìgbàṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀ kejì. Ní Scotland, láti òpin ọdún 2016 ni ìwé àṣẹ ti di dandan. Ní Amẹ́ríkà, New Jersey ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn gidi, ọ̀pọ̀ ìlú tó kù sì ní òfin tiwọn lórí yíyìn láàárín àdúgbò, nítorí náà ẹ béèrè ní ìlú yín. Ẹ má rò pé ẹ lè dì í sínú ẹrù bọ̀ wá sílé: òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó ń béèrè ìwé àṣẹ.

Òjé ni ọta. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Ta ni kó ra 2240? Ẹni tó fẹ́ràn láti tú nǹkan, tó sì ní ẹ̀rọ ìwọn-eré tàbí tó lè yá a. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ láìtú ohunkóhun yóò gbádùn Beeman P17 ju èyí lọ: ọta .177 ló ń yìn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ń fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ fún ọta kan, kò nílò agolo, òtútù kì í sì í dà á láàmú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kéré, páálí nìkan ló wà fún. Crosman 1377, tí a ń fún ní ìgbà 3 sí 10, rọlẹ̀ gan-an bí ẹ bá dúró sí ìgbà 3 tàbí 4. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìró ọwọ́ tí a fi ń fún un ń dà bí ìlẹ̀kùn tó ń gbá, yóò sì rẹ apá lẹ́yìn ọta 50. Benjamin Marauder ìléwọ́ ti ní ohun tó bo ọ̀pá rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ọta 8 ni àpò rẹ̀ ń gbà, ó sì dákẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ psi 3,000 ló ń jẹ, owó pọ́ǹpù rẹ̀ nìkan sì lè ra 2240 kan kí ó ṣẹ́kù.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ètò tí a gbà níyànjú ni àpótí duct seal, ọta tó wúwo díẹ̀, ìdérí onísúkúrù, ìdì ọ́ríǹgì kan, kí ilé ọta onírin àti ọ̀pá íǹṣì 10 tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá tún yọ. Crosman 2300S wà fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe é ní ìpele-ìpele: ilé ọta onírin, ìdérí onísúkúrù àti ọ̀pá Lothar Walther tó lé díẹ̀ ní íǹṣì 10 ló bá a wá, ṣùgbọ́n .177 ni, owó rẹ̀ sì ju ti 2240 lọ dáadáa. Kí ẹ tó san owó rẹ̀, ẹ ṣírò iye tí 2240 àti ẹ̀yà ara mẹ́rin wọ̀nyẹn yóò jẹ́ ní ọjà tí ẹ wà. Ní ibòmíràn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.